Ìdíje Láìsí Adájọ́: Àríwísí lórí Yíyan Àwòrán Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ìdíje ní í jẹ́ kí àwòrán ilé tó dára jù lọ yọrí. Ìdíje tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1856 mú kí á tún èrò yìí yẹ̀ wò. Àwòrán tó ju 200 lọ ni a pàtẹ sí Westminster Hall ní 1857. Ipò kẹta ni àwọn adájọ́ fi George Gilbert Scott sí. Síbẹ̀, òun ni ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún ní 1858. Ọnà Gothic ni Scott yàn. Palmerston, tó padà di olórí ìjọba ní 1859, kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọnà Ítálì ni ó ń fẹ́. Scott tẹrí ba, ó sì tún àwòrán yà.

A gbà pé ìhà ilé náà tó kọjú sí St James's Park lẹ́wà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹwà iṣẹ́ kò lè wẹ ètò mọ́. Níbi tí a kò bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ṣáájú pé ọ̀rọ̀ adájọ́ ni abẹ gé, àfihàn lásán ni ìdíje.