Ọnà Òṣogbo: Ṣé Ogún Ìran Ni?

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ nínú ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́: pé àjogúnbá ni iṣẹ́ ọnà Òṣogbo, pé bàbá ni ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tú u wò kí a tó fún un ní máàkì.

Ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni a lè pè ní àpẹẹrẹ àjogúnbá gan-an. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń rán adé ìlẹ̀kẹ̀. Jimoh Buraimoh kò gba ọ̀nà yẹn wá. Ìdílé ọba Òṣogbo ni a bí i sí ní 1943. Iná orí ìtàgé ni ó ń tọ́jú nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ kí ó tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Georgina Beier ní 1964. Ìdílé tí ń dé adé ni tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí ń rán an.

Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni aránadé fi ń rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ. Gọ́ọ̀mù ni Buraimoh fi ń lẹ tirẹ̀ mọ́ pátákó, a sì máa fi ọ̀dà kún àlàfo tí ó bá kù. Síbẹ̀, àwọn ojú ràbàtà inú àwòrán rẹ̀ jọ ojú ara adé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nílé ni ó jogún; ọwọ́ ni ó lọ kọ́ níta.

Ti Aṣírù Ọlátúndé (1918–1993) yàtọ̀. Ìran alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè rọ ọkọ́ àti àdá mọ́, ó gbé ọmọ owú lọ sórí bàbà pẹlẹbẹ, ó ń lu ẹranko, igi àti ìtàn sí i lára. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lo 'àjogúnbá', òun ni kí ó tọ́ka sí.

Ní ti àwọn ọmọ ayàwòrán, orúkọ bàbá lábẹ́ àwòrán kò tó ẹ̀rí fún mi. Àwòkọ ni púpọ̀ nínú ohun tí a ń rí lọ́jà. Nike Okundaye kọ́ ìmọ̀ aró lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògìdì. Nígbà tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ọ̀fẹ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Púpọ̀ nínú wọn kò bá a tan rárá.