Omi, Àlá àti Ayé Tí Kò Ì Tí Ì Dé: Iṣẹ́ Wanuri Kahiu ti Kenya

Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í fẹ́ rí ìwé ìtàn àròsọ lọ́wọ́ ọmọ, pàápàá èyí tí ó bá ń sọ nípa ayé tí kò ì tí ì dé. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní ó ń jẹ àkókò ẹ̀kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà a máa dáhùn pé àwọn àgbà ni kò mọ adùn rẹ̀. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni láre, ẹ jẹ́ kí a yẹ iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wò.

Wanuri Kahiu ni orúkọ rẹ̀. Nairobi, olú-ìlú Kenya, ni wọ́n bí i sí ní 1980. Ó kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Yunifásítì California tí ó wà ní Los Angeles. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ilé yóò gbà: Rafiki tí ó ṣe ní 2018, lórí ìfẹ́ láàárín ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, ni ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò ní Kenya kà léèwọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn ni a mú wá síwájú yín: fíìmù méjì tí ó kọ tí ó sì darí fúnra rẹ̀, àti ìwé ọmọdé kan.

Àkọ́kọ́ ni From a Whisper, ti 2008. Ó dá lórí bọ́ǹbù tí ó bú gbàù ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Nairobi ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ 1998, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Tamani, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ń wá ìyá rẹ̀. Abu, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun náà ru ẹrù tirẹ̀: Fareed, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ibi náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, bí Mùsùlùmí bá ti yọjú, àfi kí ó gbé bọ́ǹbù dání. Kahiu fi Mùsùlùmí sáàárín àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú, kò sì torí ìyẹn bo ẹ̀ṣẹ̀ Fareed mọ́lẹ̀. Ní 2009, ní Yenagoa nílẹ̀ wa níhìn-ín, fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ márùn-ún ní African Movie Academy Awards, ti olùdarí tí ó dára jù lọ sì wà nínú wọn.

Lọ́dún kan náà ni Pumzi jáde. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Swahili ni èémí, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ. Àwọn àgbà wa ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí ogun omi ni ó pa ayé run. Ọdún 35 lẹ́yìn ogun náà, àwọn tí ó kù ń gbé nínú ilé àdé-pa, wọ́n ń wọn omi mu, wọ́n ń sẹ́ òógùn àti ìtọ̀ ara wọn padà di omi. Oògùn wà tí wọ́n ń lò kí wọ́n má baà lá àlá. Asha, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, rí erùpẹ̀ kan gbà láti ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ó gbin hóró kan sí i, ó hù. Àwọn aláṣẹ kò gbà kí ó jáde lọ wá ibi tí erùpẹ̀ náà ti wá. Ó sá jáde, ó rìn nínú aṣálẹ̀, ó gbin igi náà, ó fi omi rẹ̀ tí ó kù bomi rin ín, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìbòòji fún un.

Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Obìnrin kan wà tí ń nu ilé ìwẹ̀. Asha fún un ní díẹ̀ nínú omi tirẹ̀. Nígbà tí ìyà dé bá Asha, obìnrin yìí ni ó ràn án lọ́wọ́ láti sá. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò ní tó: lórí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà dúró. Àbùkù rẹ̀ sì ni àwọn aláṣẹ. Ojú inú ẹ̀rọ lásán ni wọ́n. A kò mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó wà nípò àṣẹ tí ó ń dènà ohun rere sábà máa ń ní ìdí tí ó dára lójú ara rẹ̀. Ìdí yẹn ni ì bá kọ́ wa lọ́gbọ́n jù.

Ìwé ọmọdé náà ni The Wooden Camel, ti 2017. Etabo, ọmọ ẹ̀yà Turkana ní àríwá Kenya, fẹ́ máa fi ràkúnmí sáré ìje. Omi wọ́n, bàbá rẹ̀ sì ní láti ta àwọn ràkúnmí. Ọmọ náà ké pe Akuj, òrìṣà ojú ọ̀run àwọn Turkana (ẹ̀yin òbí yóò ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ), èsì tí ó sì gbà ni pé àlá rẹ̀ tó o. Èmi kò gbà. Àlá kò tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ó jókòó tí ó fi igi gbẹ́ ràkúnmí fún un ni ó tù ú nínú, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ẹsẹ̀ Asha àti omi ìgò rẹ̀ ni ó gbé igi dé aṣálẹ̀. Iṣẹ́ Kahiu gbọ́n ju èsì tí ó fi sínú ìwé náà lọ.

Ǹjẹ́ irọ́ ni irú ìtàn yìí? Òpùrọ́ a máa fi irọ́ pamọ́ sábẹ́ òtítọ́. Apààlọ́ kì í fi tirẹ̀ pamọ́, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti ké "Ààlọ́ o!" Ẹ̀yin òbí, ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó wo Pumzi, ìṣẹ́jú 20 kò ní ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Bí ó bá parí, ẹ bi wọ́n pé: bí omi inú kòròbá ilé wa bá ku ẹyọ ife kan, ta ni ìwọ yóò fún mu? Ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e ni kí ẹ fi díwọ̀n ìtàn náà. Kí Ọlọ́run fún wa ní òye.