Ọmọ Tí Òjìji Ń Bá Sọ̀rọ̀

Ní ọdún 1973, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ akẹ́rù gbá igi kan ṣoṣo tó kù ní aṣálẹ̀ Ténéré ní orílẹ̀-èdè Niger, igi náà sì wó. Wọ́n kó o lọ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba ní Niamey, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Ilẹ̀ tí igi kan ṣoṣo ti níyì tó báyìí ni Nnedi Okorafor, ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, fi ìtàn The Shadow Speaker (2007) sí. Ọdún 2070 ni ìtàn náà wáyé. Bọ́ǹbù ti yí ayé padà, igbó a sì máa ṣàdédé hù láàárín iyanrìn. Ẹni tí oòrùn oṣù kẹrin ti pa rí ní Niamey yóò mọ ìdí tí àlá yìí fi dùn.

Ejii jẹ́ ọmọbìnrin ìlú Kwamfa (ẹ má wulẹ̀ wá a lórí máàpù, òǹkọ̀wé ló tẹ̀ ẹ́ dó). Ojú rẹ̀ dà bí ti ológbò, òjìji a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni Jaa, obìnrin ajagun tí wọ́n ń pè ní Ọbabìnrin Pupa, ti bẹ́ bàbá Ejii lórí. Ìkà ni bàbá yẹn, ó ń ni ará ìlú lára, àwọn obìnrin pàápàá. Síbẹ̀, bàbá ni. Nígbà tí Jaa ń lọ sí ìpàdé tó lè dá ogun sílẹ̀ láàárín ayé wa àti ayé kejì tó ń jẹ́ Ginen, Ejii gun ràkúnmí rẹ̀, Onion, ó tẹ̀ lé apànìyàn yìí. Kì í ṣe torí ẹ̀san.

Ibí yìí ni ìwé náà ti lágbára jù. Àwa tí a ka Ògbójú Ọdẹ Fágúnwà nílé ẹ̀kọ́ mọ bí òǹkọ̀wé ṣe ń dá ìtàn dúró láti gbà wá níyànjú. Okorafor kò gba ọmọ níyànjú rárá. Ó gbé ọ̀ràn Jaa lé e lọ́wọ́, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Dikéogu, alábàárìn Ejii, ọmọ Ígbò tí wọ́n tà sóko kòkó, tó sì sá àsálà, wù mí ju Ejii lọ nígbà mìíràn. Ẹnu rẹ̀ mú, inú sì ń bí i. Bóyá Okorafor náà rí i bẹ́ẹ̀, nítorí Dikéogu fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, Like Thunder (2023).

Bí wọ́n ṣe wọ Ginen báyìí, ayé kejì tí ewéko ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìtàn náà tú. Ìyanu ń gun orí ìyanu débi pé ẹnu kì í yà wá mọ́. Ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ooni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá retí Ilé-Ifẹ̀ níbẹ̀ yóò retí tì. Ginen yìí kan náà dùn ún kà nínú Zahrah the Windseeker (2005), tó gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká ní 2008. Níbẹ̀, òǹkọ̀wé fara balẹ̀ wo ewé àti ẹranko. Níbí, ó ń sáré.

Niamey ní olùpìtàn tirẹ̀: Boubou Hama, ọmọ Songhai tí mùsíọ́ọ̀mù náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó kó àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ jọ sínú Contes et légendes du Niger ní àwọn ọdún 1970. Onílé ni Hama, àlejò ni Okorafor, ó sì hàn nínú The Shadow Speaker. Ṣùgbọ́n àlejò yìí ló rí ọmọbìnrin Niger lọ́dún 2070, tí ọ̀rọ̀ ayé méjì já lé léjìká. Màá fi ìwé yìí lé ọmọ ọdún 12 lọ́wọ́ láìṣiyèméjì. Kìkì pé kí òbí kọ́kọ́ ka ibi tí wọ́n ti bẹ́ orí yẹn.