Akínọlá Láṣekàn àti Àwòrán Inú Ìwé Ìròyìn

Nígbà tí a bá ń ka àwọn àgbà ayàwòrán wa, Àìná Ọnàbólú ni a sábà máa ń fi ṣíwájú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, kì í ṣe ẹni tí a lè fi ṣe àfikún lásán. Àwọn lámèyítọ́ a máa yin àwòrán ìtàn tí ó fi ọ̀dà yà, irú bí ti Ògèdèǹgbé Iléṣà. Wọn a sì ka àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní 1944 ni Láṣekàn bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. “Lash” ni ó ń fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo àwòrán tí kò ní mọ ẹni tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn àti ẹni tí ó dì í lé e lórí? Ojú kì í bẹ ògbufọ̀.

Lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ dé ní 1951, Láṣekàn fi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bí ẹnikẹ́ni bá torí èyí pè é ní ọ̀dàlẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á rán an létí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ti kọ́ pé ẹ̀gàn lè tún ìlú ṣe. Níbẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ sì wà: elẹ́fẹ̀ tòótọ́ kì í yọ ẹni tí ó ń bọ́ ọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwòrán Lash, akọni ni Azikiwe fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Nígbà tí ọ̀tá jẹ́ amúnisìn, a kò kíyè sí i. Nígbà tí ìjà di ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ìdajì òótọ́ ni gègé rẹ̀ ń sọ.

Síbẹ̀, ìdajì náà pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí Pilot àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ gbé e jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé, kí ikán má ba à kà á tán kí àwa tó kà á.