Okùn Izumo

Okuninushi ni wọ́n ń bọ ní Izumo Taisha, ní ìpínlẹ̀ Shimane, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù. Ìtàn wọn ní òun ló ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn ọmọ Amaterasu, òrìṣà oòrùn, ayé àìrí ló gbà, níbi tí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹ̀mí àwọn òkú ń lọ. Mo ti rò pé ilé òrìṣà fúnra rẹ̀ ni n ó máa wò. Okùn ni mo wò.

Ó dábùú iwájú Kaguraden, gbọ̀ngàn kan nínú ọgbà Izumo Taisha. Ó gùn ju mítà 13 lọ, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 5, ọkùnrin mẹ́ta kò lè dì mọ́ àárín rẹ̀ kí ọwọ́ wọn kanra. Koríko ìrẹsì sì ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará ìlú Iinan, ní ìpínlẹ̀ kan náà, ló ń ṣe é. Wọ́n ń gé ìrẹsì náà kó tó yọmọ, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, kó lè gba lílọ́ láìdá. Odindi oko, wọn kò ní jẹ hóró kan níbẹ̀. Okùn ni wọ́n gbìn. Wọ́n á sá koríko, wọ́n á dì í títí yóò fi di ọ̀pá gbọọrọ méjì, wọ́n á wá fi ẹní tí wọ́n fi koríko hun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ra. Koríko inú yẹn, ojú ẹnikẹ́ni kò ní kàn án mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé okùn ró.

Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ́ méjèèjì pọ̀ ni iṣẹ́ tó dé. Èrò rẹpẹtẹ ló ń tì í, tó ń yí i. Bí ọwọ́ bá dẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ á wú, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, torí wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé èyí tí mo rí kọ́. Mo fojú tọ ìlọ́ rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì, n kò rí ibi tó wú.

Àwọn ìdì koríko ńlá rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé ìdí wọn gún régé, koríko sì há mọ́ra débi pé owó onírin tí àlejò ń jù sókè fún oríire tẹ́lẹ̀ máa ń há síbẹ̀. Wọ́n ti bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n má jù ú mọ́. Inú mi dùn sí i.

Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ojúbọ Jàpáànù, àtẹ́wọ́ méjì ni wọ́n ń pa tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Ní Izumo, mẹ́rin ni. Mo pa tèmi, mo tẹrí ba, mo sì tún gbójú sókè wo okùn.