Ẹ̀rù Tí Kò Ní Ẹbọ: Àríwísí Lórí Tẹlifíṣọ̀n Tó Ń Fi Ìpayà Ṣọjà

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Ní ọdún 2004, wọ́n dá ilé amóhùnmáwòrán kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ pé eré adẹ́rùbani ni ọjà tó ń tà. Horror Channel ni wọ́n sọ ọ́, ní ọdún 2022 ni wọ́n sì yí i sí Legend. Amẹ́ríkà náà ṣe tirẹ̀: FEARnet bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2006, ó sì kógbá sílé ní 2014. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá kan náà, lọ́dún 1959, ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, tí tẹlifíṣọ̀n fi wọ ilẹ̀ wa. Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí ẹ̀rù fi wọ inú àpótí náà bá a.

Àwa tó wà ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn mọ̀ pé kò dìgbà tí ẹnì kan bá kọ "ìpayà" sára pátákó kí ìpayà tó wọlé wa. Láti ọdún 2010 tí Africa Magic Yoruba ti dé, ẹni tó bá tan tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ kì í pẹ́ kó tó rí ihò òkúta, aṣọ pupa, agbárí òkú, àti bàbá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín burúkú. Ẹ bi ọmọdé léèrè pé ta ni bàbá yẹn. Yóò ní, "Babaláwo ni." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá.

A ò ní purọ́ pé ẹ̀rù kò dára. Àwọn baba wa ń pàtàlọ́ iwin fún ọmọdé lábẹ́ òṣùpá. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ẹ̀rù kún inú rẹ̀ bámúbámú, a sì ń kà á títí dòní. Ifá pàápàá kò fi ohun tó ń bani lẹ́rù pamọ́. Ikú wà níbẹ̀, Àrùn wà níbẹ̀, Òfò, Ẹ̀gbà, Èpè àti gbogbo ajogun yòókù. Ẹni tó bá mọ Ọ̀sá Méjì mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́yẹ ti wúwo tó. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní eré kò dára torí pé ó dẹ́rù bani, a ò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ilé wa ná. Jímọ̀h Àlíù, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì níbí, ló gbé Àrélù jáde lórí NTA láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ta ni kò rántí Fádèyí Olóro? Ta ni kò rántí Òrìṣàbùnmi àti Àwòrò? Jímọ̀h Àlíù ti papòdà ní 2020, Òrìṣàbùnmi ní 2021, Fádèyí Olóro ní 2023. Iṣẹ́ wọn ò kú. Agbára eré yẹn kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹnu ló ti ń wá: ọfọ̀ tó gún régé, ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀, èdè tó kún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ ọfọ̀ lẹ́nu baba rẹ̀ rí, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìyìn wa nìyẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìjà nìkan ni ọfọ̀ ń ṣe lójú ọmọdé tó wò ó. Ẹni tó ń fi ọfọ̀ gbẹ̀bí, tó ń fi wo ọmọ tí gìrì mú, kò dé ojú tẹlifíṣọ̀n.

Lẹ́yìn náà ni Living in Bondage dé ní 1992, tí ògùn owó di ọjà. Àwọn ẹgbẹ́ Mount Zion gbé Agbára Ńlá wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó fi agbára ìbílẹ̀ ṣe ọ̀tá tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun. Láti ìgbà náà ni babaláwo, oníṣègùn, adáhunṣe àti apànìyàn ti wọ inú ẹ̀wù kan ṣoṣo. Ọpọ́n, ìyẹ̀rosùn, ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀, èwo nínú wọn ló pa ẹnikẹ́ni rí?

Àmọ́ ibi tí àríwísí wa gan-an wà kọ́ nìyẹn. Ìparí ìtàn ni a ń wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 pé ẹsẹ Ifá ní ìpín mẹ́jọ. Orúkọ awo á kọ́kọ́ jáde, ẹni tí wọ́n dífá fún á tẹ̀ lé e, àti ohun tó torí rẹ̀ dífá. Wọn á sọ ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rù wà láàárín, kò sí níparí. Ẹni tí Ikú ń lé ní ohun tó lè ṣe. Bí kò bá ṣe é pàápàá, a mọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Ilé amóhùnmáwòrán tó ń ta ìpayà nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fíìmù kan lè parí, kí ara olùwòran sì balẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní wákàtí mẹ́rìnlélógún láti kún lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ara wa balẹ̀, torí bí ara wa bá balẹ̀, a ó lọ sùn. Òkú tí wọ́n sin lónìí gbọ́dọ̀ tún dìde lọ́la. Ẹ̀rù tí kò ní ẹbọ nìyẹn.

Ẹ wo Ayédé tó wà nítòsí wa níbí, tí Andrew Apter kọ̀wé lé lórí ní 1992. Lọ́jọ́ ọdún Yemọja, arugbá á ru igbá. Gbogbo ìlú ló ń wò ó pẹ̀lú ìpayà, torí bí igbá bá jábọ́, àjálù ni. Ìpayà gidi nìyẹn, àmọ́ ó ní ẹni tó rù ú, ó ní ọjọ́ tó ń parí, ìlú sì máa ń jèrè rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ kan wá kí bàbá àgbà rẹ̀ ní ìlú wa. Ó rí ọpọ́n Ifá nílẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, níbo ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà?" Bàbá náà ò lè fèsì. Ìyẹn ṣì kéré. Ìyá arúgbó tó ń dá gbé, tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ torí ohun tí wọ́n wò lálẹ́ àná ńkọ́? Ọ̀dọ́kùnrin tó gbà pé agbárí ènìyàn ń di owó ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, kéde òfin lórí eré tó ń fi ògùn owó hàn bí ohun iyì. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ni ní ìyàtọ̀ láàárín awo àti apànìyàn.

Àwa náà ò sì mọ́. Ṣebí awo wà láàárín wa tó ń wọ aṣọ pupa, tó ń gbé agbárí síwájú ya fọ́tò, kí oníbàárà lè bẹ̀rù rẹ̀? Ta ni yóò dá àwọn eléré lẹ́bi nígbà tí àwa fúnra wa ń ya irú wọn?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá tẹlifíṣọ̀n ìpayà sílẹ̀ ní èdè Yorùbá lọ́la, a ò ní dí i lọ́nà. Ohun mẹ́ta péré la ó bẹ̀ ẹ́: kó ya babaláwo sọ́tọ̀ kúrò lára apànìyàn, kó pe àgbà awo sídìí ìwé eré kó tó gbé kámẹ́rà, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú ìtàn ní ohun kan tó lè ṣe. Ẹ̀yin awo, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ pe ọmọ ilé yín wá sídìí ọpọ́n, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ìyẹ̀rosùn, kó rí i pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Ire o. Àṣẹ.