Àwọn Atúnmọ́tò-ṣe Ilé Búrẹ́dì
Iṣẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò oníná kékeré tí ń po ìyẹ̀fun ní ilé búrẹ́dì ṣe yẹ fún ìyìn, nítorí ìyẹ̀fun gan-an ni ọ̀tá mọ́tò náà: eruku rẹ̀ a dí fáànù, ara mọ́tò a gbóná, ìbora wáyà bàbà a sì jóná. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré wé wáyà tuntun. Á kọ́kọ́ ka iye ìgbà tí ti àtijọ́ yípo, á wọn bó ṣe nípọn tó, lẹ́yìn wíwé á rẹ ẹ́ sínú fáníìṣì, á sì yan án títí yóò fi gbẹ. Bíárìn, ìyẹn òrùka onírin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú rẹ̀, tún gba ọgbọ́n, torí gírísì àpọ̀jù ń bà á jẹ́ bí àìtó rẹ̀, ohun tí kì í tètè yé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.